Ogójì Ọjọ́ Nílé Guled

“Guled! Ṣílẹ̀kùn, òtútù fẹ́ pa mí!”

Guled mọ ohùn náà dáadáa. Ó gbójú kúrò lórí páànù tí ó fi ń dín kánjẹ́rò, àkàrà pẹlẹbẹ àwọn ará Somalia, ó wo yàrá yíká. Ìyẹ̀fun pípò ti ta sí i lápá, ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá ń sùn láyà rẹ̀ nínú aṣọ tí ó fi gbá a mọ́ra, ike ńlá kan tó kún fún aṣọ ọmọ tí kò tíì fún wà lórí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí èyí tí ó lè fi pamọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ó rẹ iná sílẹ̀, ó lọ ṣílẹ̀kùn.

Dahabo, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tí ó ń pè ní Eeddo, wọlé tòun ti yìnyín lẹ́sẹ̀, ó gbé ìkòkò omi ẹran dání. Kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tí ó ti wo Guled láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ìyàwó rẹ dà?”

“Ó ń sùn, Eeddo. Ẹ kú òtútù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e.”

“Ó ń sùn, ìwọ wá ń ṣe kánjẹ́rò.” Ó tọ́ka sí ike orí àga. “Ìyẹn ńkọ́? Ta ló ń fọ̀ ọ́?”

“Èmi ni.”

“Súbúhánà-Lláhì!”

Ọjọ́ kẹrin tí Sagal bímọ ni wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ pọ̀, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó bá wúwo ju ọmọ lọ. Ìyá tirẹ̀ wà ní Nairobi, físà rẹ̀ ò tíì jáde. Guled lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀gá sì fọwọ́ sí i láì bi í ní ìbéèrè. Ti ọ̀gá rọrùn. Ti ẹbí ló le. Ó sọ fún Eeddo lórí fóònù pé wọ́n ń tún ilé ìkẹ́rùsí náà ṣe, pé wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ sinmi ná.

Kò wù ú kó parọ́ fún un. Nígbà tí ìyá Guled kú ní Garissa, Dahabo ló gbà á sọ́dọ̀. Ó mú un wá sí Minneapolis pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tirẹ̀, ó wẹ̀ ẹ́, ó bọ́ ọ, ó rán an lọ sílé ìwé, kò sì jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára rí pé òun kọ́ ló bí i. Ohun kan ṣoṣo ni kì í gbà fún un: kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò tàbí abọ́. Tí ó bá bá a nídìí iná, á ní, “Lọ jókòó ti àwọn ọkùnrin,” bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Dahabo jókòó, ó tú ìborùn rẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn. “Ó dáa. Ìdí tí mo fi wá nìyí. Mo ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀. Sagal àti ọmọ ń bá mi lọ lónìí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á wà títí ogójì ọjọ́ á fi pé, àwọn obìnrin á yí i ká bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá ti tún ibi iṣẹ́ yín ṣe tán, kó o padà.”

Guled gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọmọ. “Wọn ò tún nǹkan kan ṣe, Eeddo. Irọ́ ni mo pa fún yín, ẹ má bínú. Èmi ni mo tọrọ ààyè.”

“O tọrọ ààyè. Kó o lè máa fọ ìtẹ́dìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé o mọ̀ pé obìnrin kan sọ fún mi ní mọ́sálásí pé òun rí ẹ níbi ìfọṣọ, pé o ń ká aṣọ obìnrin? Mo ní kì í ṣe ìwọ. Mo búra fún un!”

“Ẹ̀yin náà ò bá má tíì búra.”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ yọ lẹ́nu Dahabo, ó gbé e mì. “Mò ń sọ̀rọ̀, ò ń dápàárá. Orílẹ̀-èdè yìí ti sọ ẹ́ di òyìnbó.”

Ìyẹn wọ Guled lára. Ó rọra fèsì nítorí ọmọ. “Òyìnbó wo ló ń ṣe ogójì ọjọ́, Eeddo? Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bímọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Sagal fúnra rẹ̀ ní ká má ṣe é, pé kò sẹ́ni tó máa dúró ti òun. Mo ní èmi ń bẹ. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń pè láti Nairobi. Mo máa gbé fóònù ti ògiri níbí, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi. ‘Bu omi sí i, ọmọ mi. Ó ti ki jù. Má yí i padà, ẹ̀gbẹ́ kan là ń dín.’ Wọ́n á wá fi mí rẹ́rìn-ín títí omijé á fi jáde lójú wọn. Omi ẹran ń bẹ, dàbínù ń bẹ, mo ń sun tùràrí nírọ̀lẹ́. Ẹ sọ èyí tí mo gbàgbé níbẹ̀.”

“O ò gbàgbé nǹkan kan. Mo ní kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin ni.”

“Ojíṣẹ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ máa ń ran àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́—”

“Má fi wáàsù dá mi lóhùn! Ta ló mú ẹ lọ sílé kéwú?”

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Sagal jáde, ó fọwọ́ ti ògiri, ojú rẹ̀ ṣì funfun díẹ̀. “Eeddo, ẹ káàárọ̀.”

Kíá ni Dahabo ti dìde tí ó sì dì í mú. “Ta ní kó o dìde? Rọra. Jókòó, ọmọ mi.” Ohùn rẹ̀ ti yí padà pátápátá. “A máa múra díẹ̀díẹ̀. Ilé mi là ń lọ.”

Sagal wo ọkọ rẹ̀. Ọdún kẹta tí wọ́n ti fẹ́ra wọn nìyí, kò sì tíì ko Dahabo lójú rí. Guled mọ̀ pé tí wọ́n bá bi í báyìí, á ní kò burú, á tẹ̀ lé e lọ, á sì máa dá sunkún níbẹ̀. Ní ọsibítù ló ti sọ fún un pé ẹ̀rù èrò ń ba òun, pé ilé òun ni òun fẹ́ padà sí.

“Kò ní lọ, Eeddo,” Guled sọ.

Dahabo yíjú padà sí i.

“Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Mi ò mọ ìyá mìíràn. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni mo máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n eléyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ̀ ọ́.” Ó ń dúpẹ́ pé ọmọ tó wà láyà rẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n rí bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Bí Dahabo ṣe ya ẹnu láti fèsì ni ilẹ̀kùn tún dún. Geedi ni, ọkọ rẹ̀, tó ti ń wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí láti ìgbà yẹn. Bàbá àgbà gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ tó fi làálì pa pọ́n yòò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó kí wọn, ó wo ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò béèrè nǹkan kan. Ó fa àwo kánjẹ́rò mọ́ra, ó ká ẹyọ kan, ó fi kan òróró àti ṣúgà, ó jẹ ẹ́.

“Ta ló ṣe é?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Geedi jẹ ẹ́ tán. “Ó dáa ju tèmi lọ. Tèmi máa ń le bí awọ ni.”

Guled rò pé òun ṣì í gbọ́. “Tiyín?”

“Geedi!” Dahabo kìlọ̀ fún un.

“Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé, Dahabo. Ta la ṣì ń fi pamọ́ fún?” Ó yíjú sí Sagal. “Inú àgọ́ ogúnléndé ni wọ́n bí Filsan wa. Odindi oṣù kan ni ibà fi gbé ìyá rẹ̀ dálẹ̀. Àwọn obìnrin wa ti fọ́n ká lójú ọ̀nà, kò sí ìyá, kò sí ẹ̀gbọ́n. Ta ló máa pọnmi? Ọkùnrin kì í tò nídìí ẹ̀rọ omi yẹn. Mo bá mú ìborùn rẹ̀, mo fi bo orí, mo fi bo ojú, mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ tò láàárín àwọn obìnrin.”

Sagal fọwọ́ di ikùn mú torí ẹ̀rín ń dùn ún. “Ẹ̀yin, Bàbá? Pẹ̀lú gíga yín yìí?”

“Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ni.”

“Ó ṣèlérí fún mi pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni,” Dahabo sọ. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀.”

“Gbogbo wọn ló mọ̀.” Geedi wò ó. “Ṣé wọn ò rí ẹsẹ̀ mi ni? Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbàlagbà kan tó wà níwájú mi yíjú padà, ó ní, ‘Ọmọbìnrin, ara ìyá ìkókó ti yá?’ Mo mi orí. Ó bá gbé kẹ́ẹ̀gì mi síwájú tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ pọnmi. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Mo ṣì ń ṣàdúrà fún wọn.”

“O ò sọ fún mi.”

“O ní ká má sọ ọ́ mọ́.”

Òótọ́ ni. Dahabo ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà á nígbà náà pé wọ́n á ní ó sọ ọkọ rẹ̀ di obìnrin. Bí ara rẹ̀ ti yá, kò jẹ́ kí Geedi gbé ife tíì fúnra rẹ̀ mọ́, kò sì jẹ́ kí ọmọkùnrin kankan dúró nídìí iná rẹ̀. Lójú tirẹ̀, bó ṣe ń bo àṣírí ọkọ nìyẹn, bó sì ṣe ń san oore náà nìyẹn. Kò dúpẹ́ rí lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹni tó bá dúpẹ́ ti sọ ọ́ jáde.

Ó wo Geedi. Ó wá wo Guled, ó wo orí ọmọ tó yọ kékeré láti inú aṣọ, ó wo ìyẹ̀fun tó ti gbẹ sí i lápá.

“Geedi,” ó ní, “o ṣé.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Omi tí o pọn.”

Ojú bàbá náà wálẹ̀. Ó ti àwo sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. “Jẹun, Dahabo. Ó ń tutù.”

Ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún mú òmíràn. Guled lọ gbé tíì wá. Nígbà tí Dahabo nu ọwọ́ rẹ̀, Sagal ló kọjú sí.

“Mi ò tíì bi ìwọ gan-an. Kí lo fẹ́?”

Sagal wo ilẹ̀, ó gbójú sókè. “Mo fẹ́ wà níbí, Eeddo. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ máa wá. Lójoojúmọ́, tí ẹ bá ráyè. Guled ń gbìyànjú, Alùhámúdùlíláhì, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikùn mi, tó ń fi aṣọ dì, wàláhì, ó dà bí ẹni tó ń di ẹrù ni. Ó máa tú kí n tó jókòó.”

“Màmá ṣàlàyé ẹ̀ lórí fóònù,” Guled sọ. “Wọ́n ní kí n fún un pinpin. Mo fún un.”

“O fún un! Ṣé àpò ìrẹsì ni?” Dahabo dìde, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. “Aṣọ náà dà?”

“Ó wà lórí ibùsùn.”

Ó fọwọ́ di Sagal mú lẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì rọra ń lọ sí yàrá. Guled yí padà láti lọ fún àwọn aṣọ tó wà nínú ike.

“Níbo lò ń lọ?” Dahabo pè é. “Gbé ọmọ fún Geedi, ó mọ̀ ọ́n gbé. Kí o sì wá wo ọwọ́ mi dáadáa. Mi ò lè tètè dé lọ́la, ìwọ lo máa dì í láàárọ̀.”

Guled tú ọmọ kúrò láyà, ó gbé e lé bàbá àgbà lọ́wọ́, ó sì tẹ̀ lé wọn wọlé.