Ọwọ́ Tí Gbọ́lágadé Gbé Lé Jáàkì Lẹ́yìn

Ní oṣù kẹta ọdún 1970, tí ogun ti tán, Gbọ́lágadé padà sí Port Harcourt láti wá mú ajá. Bẹ́ẹ̀ ni, ajá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ wọn àtijọ́ kiri àwọn iléeṣẹ́ Trans-Amadi, òun ń wá ajá. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín o. Bùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ló ni Jáàkì. Nígbà tí wọ́n ń sá lọ sí Ìbàdàn ní 1967, awakọ̀ kọ̀, kò gba ajá, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Boma, aládùúgbò wọn. Ọdún kejì ni ibà pa Bùnmi. Láti ìgbà náà, oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun Àtinúkẹ́ ìyá rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ni pé kó bá òun mú Jáàkì wá.

Nígbà ayé Bùnmi, tí bàbá rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, Jáàkì á fi àyà lélẹ̀, ìdí rẹ̀ á wà lókè, á máa ju ìrù fìrìfìrì. Bùnmi á ní ó ń dọ̀bálẹ̀. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fọwọ́ gbá a lẹ́yìn bí a ti ń ṣe fún ọmọ tó kí ni dáadáa. Ajá wo ló mọ ìdọ̀bálẹ̀? Eré ló ń pè wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọmọdé jiyàn?

Gbọ́lágadé dé àgbàlá Boma, kò bá a nílé. Jáàkì ló bá, ó ti rù kan egungun. Ajá náà rí i, ó yán, ó lá ètè, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ló bá nà mọ́lẹ̀, àyà, ikùn, ìdí, gbogbo ẹ̀. Omi lé sí Gbọ́lágadé lójú. Ó ní ajá yìí mọ òun, ó ń kí òun. Ìrù ti wọ abẹ́ ikùn, ìdí ò sí lókè bíi tàtijọ́, ọkùnrin yìí ò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ lé ajá lórí, ó gbá a lẹ́yìn, ó ń wò ó lójú kòrókòró. Jáàkì bù ú jẹ lọ́wọ́, eyín kan egungun.

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí tó wà nítòsí gbọ́ igbe rẹ̀, ó gbé ìbọn wá. Ó bi Gbọ́lágadé pé ṣé ajá rẹ̀ ni, àbí ajá dìgbòlugi ni. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, inú ń bí Gbọ́lágadé, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́. Ó ní òun kọ́ ló ni ín. Ìbọn dún.

Boma sáré dé. Ì bá sàn ká ní ó bú u, kò bú u. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní àwọn kan wọlé lásìkò ogun, wọ́n fi kùmọ̀ fọ́ ajá náà níhà. Láti ìgbà náà, ẹni yòówù tó bá bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

"Bàbá Bùnmi, kò kí yín. Ó ń bẹ̀ yín kí ẹ má lu òun ni."

Gbọ́lágadé bi í bóyá ajá náà tiẹ̀ dá òun mọ̀. Boma ní òun ò mọ̀. Ó ní ká ní Gbọ́lágadé jókòó jẹ́ẹ́, kó jẹ́ kí ajá náà fúnra rẹ̀ wá gbóòórùn rẹ̀, bóyá ì bá dá a mọ̀. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, ó ń sunkún Bùnmi bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ló kú.

Nígbà tí Boma fi aṣọ di ọwọ́ Gbọ́lágadé tán, ó bi í ní ohun tí yóò sọ fún Àtinúkẹ́. Gbọ́lágadé ní òun á sọ pé ogun ti pa Jáàkì kí òun tó dé.