Àpótí Tó Ń Sá Níwájú Ọwọ́

Ìyàwó Alápòótí ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ẹ̀rọ orin lọkọ rẹ̀ ń ṣe, irú èyí tí wọ́n ń tò ní àpótí-àpótí, tí wọ́n sì ń fi wáyà so pọ̀. Àpótí kan ni adarí: òun ló ń fún àwọn yòókù ní ìlù tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Èyí tó bá pẹ́ dáhùn tàbí tó bá sáré, á ba orin jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Alápòótí, obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọwọ́-Ò-Tàsé, ló ń fi ẹ̀rọ náà ṣeré. Ó máa ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ ó gbé àpótí kan padà wá.

"Àpótí yìí ń sá níwájú mi. Kí ọwọ́ mi tó balẹ̀, ó ti dún."

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Nígbàkígbà tó bá ráhùn, àbúrò rẹ̀ á ṣí àpótí náà, á yí ṣúkúrúù kékeré kan sẹ́yìn, kó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dún. Kò wọ̀n ọ́n rí. Ta ni yóò máa yẹ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò? Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìlù nígbà tí kò tíì lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ìyàwó ló dá a lábàá. Ọkọ mi ló máa ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n, kó má lọ dójú tì yín níwájú èrò."

"Ẹ wọ̀n ọ́n, ìyàwó. Àpótí ọkọ ẹ ti ya ìpáǹle, kì í gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alápòótí fi wáyà so adarí mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fi òmíràn so àpótí tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Ìlà méjì jáde, ọ̀kan lórí èkejì; ibi tí ìró bá ti dún, ìlà á yọ ṣónṣó sókè. Ó yẹ kí ṣónṣó méjèèjì bára mu. Ti àpótí ti sún sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sáré o. Ó ń pẹ́ ni. Mo ti yí i sẹ́yìn jù."

"Irọ́! Ṣé mo dití ni?"

"Ó dáa, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká wò ó. Adarí nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé." Alápòótí so bọ́tìnì tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ máa tẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà náà.

Ẹ̀gbọ́n dijú, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń mi orí bó ṣe máa ń ṣe. Ìlà kẹta jáde. Ṣónṣó tirẹ̀ jìnnà sẹ́yìn adarí, ó jìnnà sẹ́yìn àpótí náà pàápàá, ó sì ń jìnnà sí i bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Alápòótí fa wáyà yọ, ó nu ẹnu wáyà náà, ó tún kì í bọ ibẹ̀, bí ẹni pé wáyà ló ń purọ́. Ohun kan náà ló tún rí.

Ẹ̀gbọ́n lajú. "Ó tó? Ẹ ti rí i báyìí?"

Ó wá wo ìlà náà fúnra rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ.

"Ọwọ́ mi nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká pe dókítà."

"Látìgbà wo lo ti ń yí ṣúkúrúù yẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó ń sáré. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù."

"Mò ń ṣàìsàn, o wá ń tọ́jú àpótí!"

Ó fi ọwọ́ òsì mú báàgì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn onígbọ̀ngàn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ìyàwó sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pè é, "Ọkọ mi! Ọkọ mi, ẹ dúró!" Ẹ̀gbọ́n ti kọjá sí òdìkejì títì, kò bojú wẹ̀yìn.