Orúkọ Tí Mo Kọ sí Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ kẹrin tí mo gbé ọmọ mi lọ sílé Ìyá Rejoice ni wọ́n sọ fún mi pé kí n lọ yẹ etí rẹ̀ wò.

Nínú pálọ̀ wọn nítòsí Ọjà Igbó ni wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ, láti àárọ̀ kùtù títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún méjì. Ìyá mi ló ń mójú tó o tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ń padà sóko ní Ìrẹsà. Èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ ni. Bí Ìyá Rejoice bá ní àwọn ò gba ọmọ mi mọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

"Ìyá Fèyíkẹ́mi, ẹ má bínú o," wọ́n ní. "Ọmọ yín kì í jẹun, kì í sùn. Bí mo pè é títí, kì í wojú mi. Ẹ bá mi yẹ etí ẹ̀ wò. Tó bá fi di ọ̀la tí kò yí padà, mi ò ní lè gbà á mọ́."

"Nǹkan kan ò ṣe etí ọmọ mi, mà!"

Ìbínú ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì. Àmọ́ ká tó dé Ọ̀yọ́, ìbínú ti di ẹ̀rù. Lánàá tí ọmọrí ìkòkò já bọ́, ṣé ó yíjú? Mi ò rántí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ ní ọ́fíìsì títí di ọ̀sán, àṣìṣe ló sì kún inú ẹ̀. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo tọrọ àyè, mo wọkọ̀ padà sílé Ìyá Rejoice.

Mi ò wọlé. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Àwọn ọmọ yòókù ń jẹ ìrẹsì. Tèmi kọjú sí ògiri, ó di bàtà rẹ̀ mú bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

"Fèyíkẹ́mi! Fèyí, ọmọ dáadáa, wá jẹun." Ìyá Rejoice pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn wọn ò le rárá. Kò mira. Olúwa, àbí òótọ́ ni?

Mi ò mọ ìgbà tí mo ké jáde: "Àṣàkẹ́!"

Ó yíjú kíá.

Ìyá Rejoice ya ẹnu. "Àṣàkẹ́ lẹ ń pè é nílé? Háà, ẹ̀yin náà! Ẹ ò sì sọ!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí. Oríkì tí ìyá mi fún un ni, òun nìkan la sì ń pè é nínú ilé wa. Olúwafèyíkẹ́mi ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù, torí pé fọ́ọ̀mù ni. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n ti ń pe ọmọ ọlọ́mọ níwájú ọmọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó so mọ́ mi lọ́rùn bí ìṣe rẹ̀. Ìyá Rejoice na ọwọ́ méjèèjì. "Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ mi, ó yá, wá." Wọ́n rọra fa orúkọ náà bí ìyá mi ṣe máa ń fà á.

Ó wo ẹnu wọn. Ó tú ọwọ́ kúrò lọ́rùn mi, ó lọ bá wọn, wọ́n sì pọ̀n ọ́n.

Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún láti Mọ́ńdè nìyẹn. Síbẹ̀ mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pè é jẹ́jẹ́: "Àṣàkẹ́."

Kò yíjú. Mo sì mọ̀ dájú pé ó gbọ́.