Ọjà Kọfí Tó Ti Tú

Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni atúnaagoṣe àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jọ ń lò. Kọ́tìnnì ló pín in sí méjì: lápá òsì, aago ń ró kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lára ògiri, lápá ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n ń dirun fún àwọn obìnrin. Kíákíá ni gbogbo èèyàn ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, torí kí oníbàárà tó jókòó tán, ó ti da omi sí i lórí. Àbúrò ní tirẹ̀ kì í kánjú. Ẹni tó bá gbé aago fún un lónìí, kó yáa lọ wá òmíràn wọ̀ ná.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ọwọ́ wọn, àwọn méjèèjì jọ ń ṣòwò kọfí lórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé wọ́n ní àpò kọfí kankan nílẹ̀ o. Àdéhùn ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà: pé tó bá di oṣù báyìí, ẹni tó rà á yóò gba kọfí ní iye báyìí, ẹni tó tà á yóò sì kó o wá. Kí oṣù náà tó pé, wọ́n á ti yọ ara wọn kúrò nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ èrè, ì báà jẹ́ àdánù.

Ẹ̀gbọ́n ò wo nǹkan mìíràn ju iye owó lọ. Tó bá ti ń gòkè, "Rà á!" ló máa pariwo. Àbúrò ní tirẹ̀, àwọn òpó kéékèèké tó tò sísàlẹ̀ àwòrán tó ń fi bí owó ṣe ń lọ hàn ló kọ́kọ́ ń wò. Òpó yẹn ló ń sọ bí ohun tí àwọn èèyàn rà tí wọ́n tà lọ́jà ṣe pọ̀ tó. Òpó gígùn, èrò pọ̀ lọ́jà. Òpó kúkurú, ọjà dá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ̀gbọ́n yọ orí láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, kóòmù lọ́wọ́.

"Àbúrò, rà á! Kí lo tún ń wò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù. Owó ń gòkè, èrò ò tẹ̀lé e. Ẹ wo òpó yìí, ó kúrú bí eyín alángbá. Àwọn perete ló ń fa ọjà yìí sókè. Tó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á jù ú sílẹ̀."

"Àwọn perete ń dolówó, ìwọ ń wọn òpó!"

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kọfí ti já bọ́ kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Háà, ara atúnaagoṣe ò gbà á mọ́. Ó ń tú aago, ó ń kọrin. Ó ṣí kọ́tìnnì, ó ń wàásù fún àwọn tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun: "Owó lè purọ́, èrò kì í purọ́!" Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó sọ, àmọ́ wọ́n ń mi orí fún un.

Ìgbéraga yìí ló kó o sí wàhálà. Láti ọjọ́ náà, ńṣe ni àwọn òpó ń kúrú sí i lójoojúmọ́. Àbúrò ní ó tán, èrò ti sá, kọfí máa tó wó lulẹ̀. Ló bá ta àdéhùn kan, lérò pé tó bá wó tán, òun á rà á padà lówó pọ́ọ́kú.

Kọfí ò wó. Ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bí aboyún tó ń gun àtẹ̀gùn.

"Ọjà ti kú," ni àbúrò tẹnu mọ́.

"Ọjà wo ló kú?" Ẹ̀gbọ́n na fóònù tirẹ̀ sí i. "Èrò ń wọ́ tìrítìrí níbí! Wo òpó bí igi àgbọn!"

"Fóònù yín ti bàjẹ́."

"Orí ẹ ló bàjẹ́."

Wọ́n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Kọfí kan náà, ọjà kan náà. Òpó tibí ga fíofío, òpó tọ̀hún pẹlẹbẹ. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni fóònù àbúrò ti dún. Ọmọbìnrin kan ni, láti ọ̀dọ̀ alágbàtà tó ń bá wọn ra ọjà.

"Ẹ káàsán, sà. Àdéhùn tí ẹ tà yẹn, ó máa tó parí o. Gbogbo èèyàn ti kó lọ sórí àdéhùn oṣù tó wà níwájú, ó ku ẹ̀yin àti àwọn díẹ̀. Ṣé ẹ máa kó kọfí náà wá ni?"

"Kọfí wo?"

"Ẹ̀kún tírélà kan, sà."

Atúnaagoṣe bojú wo orí pẹpẹ. Agolo kọfí kan ló wà níbẹ̀, kò sì kún.

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Èrò ò sá, wọ́n kàn kó lọ sọ́jà tuntun ni. Òun nìkan ló jókòó sínú ọjà tó ti tú, tó ń lé eṣinṣin, tó ń sọ pé ayé ti bàjẹ́. Oṣù iwájú yẹn ni ẹ̀gbọ́n ṣí lórí fóònù láìmọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé oníbàárà kan lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rín kọ́ ló kàn!"

Ó gbọ́dọ̀ ra àdéhùn náà padà. Àmọ́ níbi tí èrò ò sí, ta ni yóò tà fún un? Ẹni tó pe iye tó kéré jù níbẹ̀ pàápàá ń pe owó bí ẹni tó ní agbòjò kan ṣoṣo lọ́jọ́ òjò. Àbúrò fẹ́ ná an, ó fẹ́ dúró díẹ̀ sí i.

"Tírélà ń bọ̀ o!" ni ẹ̀gbọ́n wí.

Àbúrò fi ọwọ́ bojú. "Ẹ bá mi tẹ bọ́tìnnì ìrà náà."

Ẹ̀gbọ́n fi ìka tí ọṣẹ wà lára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àdánù náà ta wọ́n lára bí èsìsì, ṣùgbọ́n wọ́n bọ́. Ẹ̀gbọ́n fa àga fún un, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Èmi náà ò mọ̀ pé oṣù ọ̀tọ̀ ni mo ń wò," ló wí. "Ìka mi ló yọ̀. Ká ní mo rà á ni, mi ò ní mọ ohun tí mo rà."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ jókòó síwájú àdéhùn tuntun. Ẹ̀gbọ́n ka orúkọ oṣù sókè ketekete. Owó fò sókè, òpó sì bá a ga, gíga gidi.

"Ẹ jẹ́ ká rà á!" Àbúrò ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Má kánjú," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó tún oṣù náà kà. "Ó yá."

Àwọn méjèèjì na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé ara wọn, ló bá di àdéhùn méjì dípò ọ̀kan. Wọ́n wo ara wọn. Kọfí ń gòkè lọ ní tirẹ̀, wọn ò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n jó ni tàbí kí wọ́n ké. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, oníbàárà kan tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ kígbe pé orí òun ti ń jóná.