Ìwé Pupa Ìyá Choolwe

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Ìwé náà ò níí sunkún."

Luyando nawọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Choolwe fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ìwé pupa náà mọ́ tábìlì, bí ẹni tó ń tẹ adìyẹ tó fẹ́ fò. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ yìí ní Choma. Inú ìwé pupa ni ọ̀rọ̀ ìwọlé gbogbo kọ̀ǹpútà wọn wà. Láràárọ̀, ẹni tó bá gbàgbé tiẹ̀ á wá bá a, á jókòó, á ròyìn òjò tí kò rọ̀ àti màlúù tó sọnù, kó tó béèrè ohun tó wá gbà. Orin ni Ìyá Choolwe fi ń pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà:

Ẹ wọlé, ẹ jókòó,
Ilẹ̀kùn yín ń bẹ lọ́wọ́ mi.
Ẹni tó gbàgbé kò ṣẹ̀ mí o,
Ẹni tó kọjá láìkí mi ló ṣẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti kú, Choolwe ti bá iṣẹ́ lọ sí Ndola. Àwọn tó gbàgbé wọ̀nyí nìkan ló kù tó ń pè é lórúkọ.

Olè ló fà á. Oṣù tó kọjá ni wọ́n jí kọ̀ǹpútà kan gbé, orúkọ àti oko ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ bá a lọ. Ni ọ̀gá bá ránṣẹ́ pe Luyando, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, wá láti Lusaka.

"Mo máa ti inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pa," Luyando ní. "Bí olè bá gbé e, wúruwùru ló máa bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo, tí kálukú mọ̀ sínú ara ẹ̀, ló máa ṣí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. Bó bá gbàgbé, kó bi fóònù ẹ̀."

"Fóònù á sì kí i?"

Luyando bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ìsinmi ló dé bá yín yìí."

Ìsinmi kẹ̀? Ìyá Choolwe wo àga igi tó wà níwájú tábìlì, tí ìjókòó àwọn èèyàn ti mú kó máa dán. Ènìyàn laṣọ. Ọmọ yìí wá ń bọ́ aṣọ lára òun lọ́sàn-án gangan.

Ó ń ka ọ̀rọ̀ jáde, Luyando ń ṣí ẹ̀rọ, ó ń tì í pa, Ìyá Choolwe sì ń fi bírò fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti lò. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ń wá gbé e, wọ́n ń lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó.

"Ìyá Choolwe, a bọ́ lọ́wọ́ yín lónìí!" Mweemba tó ń wọn àgbàdo kígbe. "Ẹ ò tún ní fi ọ̀rọ̀ ìwọlé gba ẹ̀pà lọ́wọ́ wa mọ́!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ẹyọ kan, ti ilé ìkẹ́rùsí. Bàbá Siamoonga tó ń lò ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti padà sí Gwembe nígbà ìkórè. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ń gbàgbé bíi tiẹ̀. Láràárọ̀, kì í yẹ̀, á di fìlà mọ́ àyà: "Ìyá Choolwe, orí mi ti tún jò."

"Orí yín yìí, apẹ̀rẹ̀ ni!"

Bàbá Siamoonga á gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, á gbé ife chibwantu kan, ohun mímu àgbàdo, sórí tábìlì, á lọ. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kan náà, láìwòwé, ló mọ àpò tó wà lábẹ́ àpò ní gbogbo ilé ìkẹ́rùsí.

Ìyá Choolwe ṣí ìwé. "Ó yá, tẹ̀ ẹ́: M…"

"Ó ti ṣí, Màmá."

"Mi ò tíì kà á!"

"Kò béèrè nǹkan kan." Luyando sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Kò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ẹni tó ń lò ó ló yọ ọ́ kúrò. Ó ti pé ọdún mẹ́rin."

Ìyá Choolwe pa ìwé dé. Ó rọra yí tábìlì po, ó jókòó sórí àga igi tí kò jókòó sí rí.

"Ṣé kí n tì í pa?" Luyando bi í.

Láti orí àga náà, Ìyá Choolwe rí ohun tí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ máa ń rí: tábìlì, fèrèsé, àti àlàfo níbi tí ojú òun fúnra rẹ̀ máa ń wà.