Ológbò Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Nígbà tí ìjà ìgboro sun ilé tí Cynthia ń gbé ní Warri, ohun méjì péré ló rí gbé jáde: àpò aṣọ kan àti Madam, ológbò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Bìní ló ń sá lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà kò fẹ́ rí ológbò sójú. Ló bá gbé e wá sí Ogunu, àdúgbò mìíràn ní Warri, fún Wúrà, opó ará Ọ̀yọ́ tí wọ́n jọ ń ta ìkòkò lójú ọ̀nà Sapele.

"Mama Muhsinah, abeg, help me keep am. E don reach seven years. Na only me e know."

Wúrà kò sin ológbò rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú ọ̀rẹ́ tí ilé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jóná, tí yóò ní rárá? Ó gba agbọ̀n tí ológbò náà wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ti ṣí i báyìí, Madam fò jáde, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ó di ọjọ́ mẹ́ta, kò yọjú. Wúrà se ẹja, ó yọ egungun rẹ̀, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ìyàwó tuntun.

"Jọ̀ọ́, ìyá mi, jẹun. Ilé rẹ nìyí."

Madam kàn ń wò ó ni.

Muhsinah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, bú sẹ́rìn-ín. "Mama, e no dey hear Yoruba. Talk Pidgin."

"Nínú ilé mi? Èmi tí mò ń bá ìwọ jà lójoojúmọ́ nítorí Yorùbá, kí n wá torí ológbò yí ohùn padà?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti apá odò. Tìyá tọmọ dojú bolẹ̀ nínú yàrá. Níbi tí Wúrà ti fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, tó ń ké pe Ọlọ́hun, ó rí ojú méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Madam ti lẹ̀ mọ́ ògiri, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe Wúrà. Òun ṣì rí ọmọ dì mú. Ta ni eléyìí rí?

Kò mọ ìgbà tó na ọwọ́. "Madam, no fear. I dey here. Come, my pikin, come."

Etí ológbò náà nà ró. Ó rọra fi àyà fà, ó gbóòórùn ìka Wúrà, ó sì há ara rẹ̀ sí abẹ́ apá rẹ̀. Báyẹn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà títí ìbọn fi dákẹ́.

Muhsinah sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Mama, you don talk Pidgin o."

"Panu mọ́ jàre." Ẹ̀rín mú kí ara Wúrà máa mì, síbẹ̀ Madam kò kúrò lábẹ́ apá rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Madam jẹ ẹja rẹ̀ tán, ó lá àwo. Kí kónílé-ó-gbélé tí ìjọba kéde nítorí ìjà náà tó parí, ó ti ń tẹ̀ lé Wúrà lọ sí ilé ìdáná. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Wúrà wọ pálọ̀, tó bá a tó ká jọ lórí àga olóògbé ọkọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí láti ọdún mẹ́rin. Kò lé e dìde.

"Sùn dáadáa," ló wí, ó sì fa kọ́tìnnì kí oòrùn má baà lù ú lójú.