Sùtánà Tí Ìyá Fi Pamọ́ Sọ́dọ̀ Mi

Tàtá Arlette, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ilé onílé, àfi kó tún un tò. Ó ti Kútọnu wá sọ́dọ̀ wa ní Pobè nítorí ìyá wọn tó wà nílé ìwòsàn. Kò tíì sùn mọ́jú tó fi ṣí àpótí aṣọ mi, tó pàtẹ́wọ́.

"Déborah! Ṣé aṣọ rèé àbí àkísà? Ọkọ rẹ ló ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Onigbolo, ṣé ìwọ náà ń bá wọn fọ́ òkúta ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, aṣọ ìgbà omidan mi ṣì kún ibẹ̀, aṣọ tí kò gba ìdí mi mọ́ látìgbà tí mo ti bí Josué. A jọ ń ṣà wọ́n, à ń wọ̀ wọ́n wò, à ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, títí ó fi tó àsìkò tí mo ní láti gbé oúnjẹ lọ fún Ìyá. Mo ní, "Tàtá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ dè mí." Ó ní òun ti gbọ́.

Gbọ́ kọ́! Nígbà tí mo dé, àpótí ti mọ́ tónítóní. Sàdíyà, obìnrin Sakété tó máa ń fi abọ́ tuntun gba aṣọ àlòkù kiri, ti wá, ó ti lọ. Abọ́ wà lórí tábìlì, aṣọ tuntun tí Tàtá rà fún mi wà lórí ìkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Òfìfo.

"Tàtá, sùtánà funfun tó wà níbí ńkọ́?"

"Èyí tó rí gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn? Ṣebí sùtánà tìrẹ náà wà lórí ìkọ́. Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo gbé o! Sùtánà Ìyá ni, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán pé kí a fi sin òun. Nínú ìjọ wa, aṣọ funfun yẹn la fi ń gbàdúrà, òun náà la fi ń lọ. Ó gbé e fún mi ní kọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti là á báyìí, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni wọn yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní, "Déborah, ìwọ nìkan ni mo sọ fún o. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀." Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá là á fún Tàtá? Mo gbé ìbínú mi mì, ó sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Lọ́jọ́ kejì àwọn dókítà ní ká máa gbé Ìyá bọ̀ wálé. Tàtá ń jó, ó rò pé ara ìyá ti yá ni. Ìyá di ọwọ́ mi mú, ó fà mí mọ́ra. "Mú un wá, kí n fojú kàn án."

"Mo sá a sóòrùn ni, Ìyá."

Irọ́! Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo dá zémíjàn kan dúró, mo gun ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó di Sakété. Eruku àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì bò wá, èmi ṣáà ń kígbe pé kó máa sáré. "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀." Àdúrà tí mo gbà dé ibẹ̀ nìyẹn.

Mi ò kí Sàdíyà tí mo fi da àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí títí. "Ìyá Josué, kí lẹ ń wá?"

Mo sọ fún un. Ó jókòó tì mí.

"Bàbá kan wá láti Takon láàárọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kú, kò sì ní sùtánà tí wọn ó fi sin ín. Ó rí ti yín, ó bú sẹ́kún. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i tí kò ní ṣàánú? Mo ní kó máa mú un lọ. Wọn á ti sin ín báyìí."

Mo jókòó sórí àwọn aṣọ mi àtijọ́, mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí mo padà, Tàtá wà ní kíṣìnnì. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá. Ó pa ojú dé. Mo rò pé mo ti pa á.

Ó lajú, ó ní, "Ṣé ó gùn dé ẹsẹ̀ ọmọ náà?"

Èmi tí n kò rí òkú! "Ó bò ó dé àtàǹpàkò, Ìyá."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Lọ ra aṣọ, kí o rán òmíràn fún mi. Má jẹ̀ẹ́ kí ọrùn rẹ̀ fún. N kò ní lọ kí o tó rán an tán."

Látìgbà náà ni mo ti ń jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ funfun lórí itan. Tàtá bi mí pé ta ló ni ín, mo ní èmi ni. Ìyá ò mu ẹ̀kọ mọ́, omi la fi ń tọ́ ọ lẹ́nu. Bí ìrora bá dé, á bu ìrọ̀rí jẹ kí ọmọ rẹ̀ má baà gbọ́. Láràárọ̀ ló ń bi mí pé kí ló kù, láràárọ̀ ni mò ń dáhùn pé apá aṣọ kan ló kù. Apá kan náà ló kù lóòótọ́. Mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Lónìí kò béèrè. Ó ní, "Déborah, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́."

Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́.